Ẹsẹ̀ Tí Mo Yá Tarquitius

Ẹ̀yin ará Róòmù tí ẹ wá sin òkú mi, ẹ má tíì sunkún. Èmi Caninius ni mo ní kí akọ̀wé mi ka ìwé yìí kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí. Òkú kò lè dá ìyìn dúró. Nígbà tí mo wà láàyè pàápàá, n kò gbìyànjú rẹ̀ rí.

Ẹ rántí ọjọ́ tí Késárì ní kí ilé ìgbìmọ̀ dá ẹjọ́ Vibenius ọ̀rẹ́ mi, torí pé ó fi orí pípá ọba ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí ọtí. Lẹ́yìn tí Késárì náà kú, mo kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn mi pé èmi nìkan ló jókòó, tí mo faṣọ bojú, àti pé Tarquitius, ẹlẹgbẹ́ wa nílé ìgbìmọ̀, ló kọ́kọ́ sáré lọ sọ́dọ̀ ẹni tó dábàá ikú. Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ la fi ń dìbò nílé ìgbìmọ̀ wa: ọ̀dọ̀ ẹni tí o bá rìn lọ, tirẹ̀ lo gbà. Késárì wò mí lẹ́ẹ̀kan péré. Kí ẹni tó dábàá tó jókòó, mo ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Vibenius rí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Caninius, rọra o, má lọ ṣubú." Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Tarquitius ló jókòó. A ń pariwo mọ́ ọn, "Dìde, àgbàyà!" Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi wú. Bí kò tilẹ̀ wú, n kò ní dìde." Ó ti kú kí n tó kọ̀wé, òkú kì í sì í jiyàn.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ìbẹ̀rù ti ń sọ ènìyàn di ẹrú kí ọba tó rà á. Ẹ há a sórí. Ta lẹ rò pé mo wò kọ ọ́?

Èyí tó burú jù ló kù. Lọ́jọ́ tí mo ka ìwé náà fún gbogbo èrò, Tarquitia ọmọ rẹ̀ dìde. "Bàbá, ẹ dákun, àga ni wọ́n fi gbé bàbá mi lọ lọ́jọ́ yẹn. Báwo ni wọ́n ṣe sáré?" Ibẹ̀ gan-an ni ǹ bá ti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ahọ́n mi yá ju ìtìjú mi lọ: "Ọmọ mi, ìbẹ̀rù a máa wo ẹsẹ̀ wíwú sàn." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, inú mi sì dùn! Tarquitia fa ìborí rẹ̀ bojú, ó jáde. Títí dòní, bí ọmọkùnrin rẹ̀ bá ń kọjá lọ́jà, wọn a ní, "Sáré o, Késárì ń wò ọ́!"

Tarquitia, dárí jì mí bí o bá lè. Bí o kò bá lè, n kò bá ọ jà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ kọ̀tàn, ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ara yín.

Ní ti òṣèré tó gbé àwòrán ojú mi tí a fi ìda oyin mọ wọ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà ìsìnkú wa, tó ń yan níwájú pósí bí ọlọ́lá: kó sáré. Kó sáré bí mo ti sáré lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì gbé àga fún Tarquitia, kó jókòó wò ó.