Èéfín Kọ́ Ló Pa Ohùn Tíṣà Bámigbóyè

Irọ́ tí mo pa ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ó sì ti fẹ́ bá arúgbó kan wọ sàréè. N kò ní jẹ́ kó bá a wọ̀ ọ́. Èmi Ọládiípọ̀ tí ẹ ń pè ní Ẹnjiníà, tí mo ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà ní Òmù-Àrán, èmi ni mo pa ohùn Tíṣà Bámigbóyè. Kì í ṣe èéfín. Kì í ṣe ìyàwó rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ọ̀rọ̀ yìí bú màmá náà rí, kó ká èébú rẹ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀, kó wá fi kọ́ mi lọ́rùn. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, ara mi ni inú sì ń bí mi sí. Ẹnjiníà. Ta ló fún mi ní ìwé ẹ̀rí?

Tíṣà Bámigbóyè kọ́ni ní Èsìẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Inúmidùn, ọmọ náà kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta tí bàbá rẹ̀ fi kú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ya fídíò ìsọmọlórúkọ rẹ̀, sínú kásẹ́ẹ̀tì ńlá ayé àtijọ́ yẹn. Tíṣà gbé ọmọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ó gbàdúrà fún un títí dé ọjọ́ tí yóò lọ sílé ọkọ. Nígbà tí ìgbéyàwó Inúmidùn ku oṣù kan, ìyá rẹ̀ gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá bá mi, ó fi ìró wé e bí ọmọ tuntun. Ó ní, “Ẹnjiníà, ọmọ mi, Inúmidùn yóò kúnlẹ̀ gbàdúrà lọ́jọ́ ìdána. Bá mi yọ ohùn bàbá rẹ̀ jáde, kí òun náà lè kúnlẹ̀ fún bàbá tirẹ̀.” Mo ní, “Kò le rárá, Màmá. Ọjọ́ méjì ni.”

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, torí n kò ṣe irú rẹ̀ rí. Tẹlifíṣọ̀n ìsọ̀ mi ti bàjẹ́ tipẹ́. Káàdì tẹlifíṣọ̀n kan tí mo rà ní tòkúnbọ̀ ní Ìlọrin ni mo kì bọ inú kọ̀ǹpútà mi, òun ni mo fi ń wo bọ́ọ̀lù, kí fáírọ́ọ̀sì tó jẹ Windows orí rẹ̀ run, tí mo fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ Windows, rọ́pò rẹ̀. Mo so ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mọ́ káàdì náà. Àwòrán jáde. Tíṣà dúró níwájú mi nínú búbá funfun, ẹnu rẹ̀ ń lọ, ohùn ò sí.

Dráífà ló fa ìyẹn, ètò kékeré tó máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ irú káàdì tó wà nínú rẹ̀. Ti Linux kò dá káàdì tèmi mọ̀. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, kálukú ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, béèyàn ò bá sì pe nọ́ńbà tó yẹ, àwòrán á wá, ohùn á dákẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Mo yọ dráífà, mo fi nọ́ńbà kìíní gbé e padà. Ohùn ò sí. Ìkejì. Ìkẹta. Kí n tó dé ogójì, ẹ̀rọ ti gan mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀ṣẹ́ fọ́ tábìlì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wo ẹnu Tíṣà. N kò tilẹ̀ fi àwòrán náà pamọ́. Mo ní ìgbà tí ohùn bá dé ni màá gba méjèèjì pọ̀.

Ikrimah tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tèmi wá yọjú. Ó ní, “Yọ káàdì yẹn, kó o ka ohun tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn. Tàbí kó o gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì wá, ká fi tẹlifíṣọ̀n dán an wò. Wàláhì, kò lè gbà wá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.” Mo ní kó lọ gbájú mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ohùn bá jáde lọ́dọ̀ Ikrimah, a jẹ́ pé èmi ni n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Abèèrè kì í ṣìnà. Èmi ò béèrè, ẹni tó wá júwe ọ̀nà fún mi pàápàá, mo lé e. Òmùgọ̀ ènìyàn.

Àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní ọ̀rọ̀ kan tá a fi ń bo àìmọ̀ wa: “Ó ti jó.” Rédíò tá ò rí ìdí rẹ̀, ó ti jó. Fóònù tí àwa fúnra wa bà jẹ́, ó ti jó. Nígbà tí màmá padà wá, mo béèrè ibi tó tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì sí. Ó ní inú àpótí aṣọ ni, ní yàrá tó kángun sí ilé ìdáná. Mo mi orí bíi dókítà. Mo ní, “Háà, Màmá, èéfín ti wọ inú rẹ̀. Ó ti jó.” Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, “Èmi ni mo fi èéfín pa á?” Mo ní, “Ẹ ò mọ̀ ni, Màmá.” Mo tún ń tù ú nínú, ẹ gbọ́ mi? Ẹni tí mo ń parọ́ mọ́ ni mo ń tù nínú.

Ì bá mọ síbẹ̀. Àmọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ambrose, àbúrò Tíṣà tó ń gbé Èkó, pè mí pé kí n dá kásẹ́ẹ̀tì padà, òun mọ ẹnì kan tó lè tún un wò. Bí ohùn bá jáde ní Èkó, mo gbé. Lára kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, róbà kékeré kan máa ń wà létí rẹ̀. Béèyàn bá ti ṣẹ́ ẹ, ẹ̀rọ ò ní gbà kí wọ́n gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Tíṣà ti ṣẹ́ tirẹ̀. Ó ti dáàbò bo ohùn rẹ̀ kó tó kú. Mo gé sẹ́lótéèpù, mo fi dí ojú ibẹ̀. Mo ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ, mo tẹ bọ́tìnnì pupa, mo gba òfìfo lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀sán gangan ni, ìlẹ̀kùn ìsọ̀ ṣí sílẹ̀, àwọn èèyàn ń kí mi kú iṣẹ́, mo sì ń dá wọn lóhùn. Nígbà tó parí, mo ṣí sẹ́lótéèpù kúrò, mo nu ojú ibẹ̀ mọ́, mo sì fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Ambrose. Ẹranko ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdána, èmi yìí kan náà ni wọ́n ní kó wá ṣètò gbohùngbohùn. Inúmidùn kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ àti àga kan tó ṣófo. Ọ̀gbẹ́ni Ambrose sọ ọ́ sétí gbogbo èèyàn, “Ìyàwó, ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, inú èéfín lo lọ fi sí.” Màmá dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó bí, ó ń bẹ ọmọ náà. Gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ mi.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo yọ káàdì láti gbọn eruku rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, gàdàgbà. Mo wá a láàárín àwọn nọ́ńbà yẹn: méjìdínlọ́gọ́rin. Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọkùnrin kan tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n bú jáde, ó kún gbogbo ìsọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún, bí Ikrimah ṣe wí.

Ọdọọdún ni màmá ń fi iṣu ránṣẹ́ sí mi láti Èsìẹ́, pé mo gbìyànjú. Mo ń jẹ ẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ó ti dùbúlẹ̀ àìsàn, ó sì fẹ́ rí mi. Mo bá Inúmidùn níbẹ̀, ó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Màmá ní kí n bá òun gbàdúrà. Ó ní, “Ikú ò bà mí lẹ́rù. Tíṣà ni. Kí ni mo fẹ́ wí fún un nípa ohùn rẹ̀?” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi, gbogbo rẹ̀, títí kan sẹ́lótéèpù.

Kò dárí jì mí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín. Ó ní, “Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń bẹ òkú, ìwọ ń jẹ iṣu mi. Lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n kà á ní ìjọ wa, kí Ambrose gbọ́ ọ, kí gbogbo ẹ̀yin oníṣẹ́ ẹ̀rọ gbọ́ ọ, kí n tó lọ.” Ohun tí ẹ ń gbọ́ yìí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, bí ẹ ò bá mọ nǹkan, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ìtìjú rẹ̀ kì í pẹ́. Tèmi yìí ni kò ní tán.

Inúmidùn sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo ti ń retí ìgbájú. Ó ní, “Ẹ rí bàbá mi nínú fídíò náà?” Mo ní mo rí i. Mo ní apá òsì ni bàbá rẹ̀ fi gbé e, ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ẹnu kan iwájú orí rẹ̀ kó tó gbé e fún ìyá rẹ̀. Ó wá ní, “Kí ló wí fún mi?”

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n ti bá ìyá rẹ̀ sọ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn náà ni mo fi dá a lóhùn. Mo ní mi ò mọ̀.