Mo Ta Ohùn Bọ̀ọ̀dá Tádé, Mo Ní Ikán Ló Jẹ Ẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bú mi. Láti ọdún mélòó kan ni mo ti ń fi iná sórí òrùlé sùn. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí ni pé ọkùnrin kan pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohun tí mo sì gbọ́ lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí oúnjẹ wọ̀ mí lẹ́nu mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi fi ẹrù pamọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo tà á. Mo wá parọ́ fún un pé ikán ló jẹ ẹ́. Òun tí mo parọ́ fún náà ló tún ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà sì ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ṣe sẹ́kọ́ńdírì, lọ́dọ̀ àǹtí mi tó ń ránṣọ ní àdúgbò Under G. Ọ̀rẹ́ méjì ni mo ní níbẹ̀, Kúnlé àti Mùfú. Mo ti pa orúkọ wọn dà, ẹ jọ̀ọ́, nítorí wọn ò ṣẹ̀ mí. Tí a bá ti jáde nílé ìwé, a kì í lọ sílé tààrà. Ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá Tádé, ẹ̀gbọ́n Kúnlé, la máa ń yà sí. Bọ̀ọ̀dá Tádé ló ń gẹrun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ńlá kan wà lórí pẹpẹ níbẹ̀, bọ́ọ̀lù àti ráàpù sì ni ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lẹ́nu gbogbo èèyàn.

Bọ̀ọ̀dá Tádé kì í gbọ́ orin tuntun. Ó ní àwọn tòde òní kàn ń pariwo ni. Hip-hop àtijọ́ ló fẹ́ràn, ti àwọn ará Amẹ́ríkà tó ti jáde kí wọ́n tó bí wa, àti ti àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ fi Yorùbá ṣe é. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kún páálí kan. Àmọ́ ìyá wọn, tó jẹ́ díkónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, ti búra pé ráàpù ò ní wọ ilé òun. Bọ̀ọ̀dá Tádé wá kó gbogbo wọn sínú ike kásẹ́ẹ̀tì wàásù. Tí ẹ bá wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó kà á pé "Ẹ Ronú Pìwà Dà." Tí ẹ bá fi í sínú rédíò, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín.

Nǹkan kan tún wà. Kásẹ́ẹ̀tì olórin kì í gbà kí èèyàn gba ohùn sí i, ihò kékeré méjì máa ń wà lórí rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó ṣeé ṣe. Bọ̀ọ̀dá Tádé á lọ́ bébà, á fi dí ihò yẹn, á tẹ bọ́tìnnì pupa, ohùn wa á sì wọlé. Ojú kìíní á jẹ́ ti olórin, ìparí ojú kejì á jẹ́ tiwa. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba àríyànjiyàn wa sílẹ̀ fún bí ọdún méjì.

Mo rántí ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Wọ́n ti jẹ ẹgbẹ́ aláwọ̀ pupa tí Kúnlé ń tì lẹ́yìn ní gólì mẹ́rin. Mùfú, tó jẹ́ ti aláwọ̀ búlúù, wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Kúnlé.

"Kúnlé, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo gbọ́ pé mẹ́rin ló kú lẹ́ẹ̀kan náà."

"Dìde nílẹ̀ jàre. Réfìrì ló tà wá."

"Ṣé réfìrì ló ń ṣọ́lé fún yín ni? Aṣọ́lé yín tó ń fò sókè bí ẹni ń ká máńgòrò, tí bọ́ọ̀lù ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá?"

Bọ̀ọ̀dá Tádé dá sí i, ẹ̀rọ ìgẹrun wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mùfú, tiyín ńkọ́? Ìgbà tí ẹ gba ife kẹ́yìn, ṣé ife tíì kọ́?"

Oníbàárà tó jókòó sórí àga ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, orí mi lẹ dì mú yẹn o. Ẹ gẹrun mi tán kẹ́ ẹ tó gba ife."

Bọ̀ọ̀dá Tádé kọjú sí mi. "Àlájà, gba máìkì. Bá wa dájọ́ wọn." Àlájà ló máa ń pè mí nítorí híjáàbù mi. Ṣíbí ni máìkì. Mo dìde tòun ti híjáàbù, mo ń ju ọwọ́ bí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà:

"Pupa ń sunkún, búlúù ń fọ́nnu,
Ẹ wo ọwọ́ àwọn méjèèjì, òfìfo ni.
Ẹ padà sílé lọ ka ìwé yín,
Ìdánwò ń bọ̀, kò ní réfìrì."

Ẹ̀rín Bọ̀ọ̀dá Tádé pọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fá oníbàárà yẹn lórí kodoro. Gbogbo ẹ̀ ló wọ inú kásẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá ní kí n ka ìgbà tí inú mi dùn jù láyé yìí, ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Kí ọkọ mi má bínú.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò àṣejáde tán ni ọkọ̀ gbá Bọ̀ọ̀dá Tádé lórí ọ̀kadà. Kò dé ọsibítù. Nígbà tó yá, Kúnlé àti Mùfú gbé páálí yẹn wá bá mi nílé àǹtí mi.

Kúnlé ní, "Àlájà, màmá mi ti ń palẹ̀ ẹrù Bọ̀ọ̀dá mọ́. Tí wọ́n bá gbọ́ ohun tó wà nínú wàásù wọ̀nyí, iná ni wọ́n máa sọ sí i. Bá mi tọ́jú ẹ̀. Ìwọ ni mo lè gbé e fún. Mùfú á yá wọn fún èèyàn."

Mùfú ní, "Òótọ́ ni. Mo lè yá wọn jáde."

Àwa Mùsùlùmí, àmánà là ń pe irú ẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fi sí ọ níkàáwọ́, ìwọ lo máa dáhùn fún un lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ṣì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo tà á.

Kúnlé bá iṣẹ́ lọ sí Àbújá. Mùfú ń wa kẹ̀kẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi padà sí Ọ̀yọ́, mo lọ́kọ, páálí bá mi délé ọkọ. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Mo máa ń nu eruku ara ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, mi ò pa á tì rárá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan láti Ìbàdàn wá sí àgbàlá wa. Àwo orin àtijọ́ ló ń rà kiri lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà. Ó ra díẹ̀ lọ́wọ́ baba onílé wa. Mo kàn fi ṣeré ni, mo ní, "Ṣé ẹ̀yin náà ń ra kásẹ́ẹ̀tì?" Mo gbé páálí jáde. Ó lóṣòó tì í, ó ṣí ike kan, ó tún ṣí òmíràn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó sọ iye tó máa san. Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe.

Mo sọ fún un pé àwọn tí bébà wà nínú ihò wọn, ohùn wa ló wà níbẹ̀, pé kí n yọ ìyẹn sílẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti yọ lára ẹ̀, mò ń lọ nìyẹn." Ó dìde, ó ń gbọn eruku kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mi ò fẹ́ parọ́ fún yín. Àwọn tó máa ń kọ irú ọ̀rọ̀ báyìí sábà máa ń sọ pé ọmọ àwọn ń ṣàìsàn, tàbí pé ebi ń pa àwọn. Ara ọmọ mi le. A jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà, a sì jẹun lálẹ́. Fírísà ni mo fẹ́. Obìnrin kan ládùúgbò wa ní ọ̀kan, ó ń ta omi tútù àti sóbò, ojú mi sì ti wà lára fírísà yẹn tipẹ́. Nígbà tí ọkùnrin yẹn dárúkọ owó, fírísà ni mo rí, mi ò rí Kúnlé.

Mo ní kó máa gbé e lọ. Ó gba nọ́ńbà mi, ó so páálí mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Mo fẹ́ pè é padà kó tó yí kọ́nà. Mi ò pè é.

Mo fi owó náà ra fírísà, mo sì sọ fún ọkọ mi pé àjọ ló kàn mí. Ó ṣàdúrà fún mi.

Nígbà Iléyá ọdún yẹn, Kúnlé pè mí. Ó ní, "Àlájà, ẹran mi dà?" A ṣàwàdà díẹ̀. Ó wá ní òun ti rí rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan rà, pé tí òun bá wálé, òun á wá gba páálí wàásù. Mi ò ronú ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀. Ẹnu mi kàn sọ pé, "Kúnlé, ikán ti jẹ ẹ́." Mo bú sẹ́kún. Ẹkún yẹn kì í ṣe irọ́, òun nìkan ni kì í ṣe irọ́.

Ó ní, "Má sunkún mọ́. Ikán Ọ̀yọ́ ò gbọ́ ráàpù rí, jẹ́ káwọn náà jayé." Nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi, ó fi owó ọṣẹ ọmọ ránṣẹ́. Mo gbà á.

Ní oṣù tó kọjá, ìyàwó Kúnlé bí ọkùnrin. Ó sọ ọ́ ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pe èmi àti Mùfú pọ̀ lórí fóònù, ó ní ká ran òun lọ́wọ́. Ó ní, "Mo ṣì ń rí ojú Bọ̀ọ̀dá. Àmọ́ mi ò gbọ́ ohùn wọn létí mi mọ́. Báwo ni wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀?" Mùfú gbìyànjú, ó sín Bọ̀ọ̀dá jẹ. Kúnlé ní, "Rárá, tiwọn nípọn ju ìyẹn lọ." Mùfú tún un ṣe. Kúnlé ní, "Ó ti ń jọ ọ́." Mo mọ̀ pé kò jọ ọ́. Àánú Mùfú ló ṣe é.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọkùnrin ará Ìbàdàn yẹn pè mí. Ó ní ẹnì kan nílùú òyìnbó fẹ́ ra gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà lápapọ̀, òun sì ti ń gbọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan kí òun tó kó wọn. Ó ní ọkùnrin kan àti àwọn ọmọdé kan ń ṣàríyànjiyàn bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ó ní, "Mo ní kí n bi yín ná. Tí wọ́n bá jẹ́ èèyàn yín, iye tí mo fún yín náà ni kẹ́ ẹ fún mi, ẹ gba àwọn yẹn. Àmọ́ mi ò lè dúró kọjá ìparí oṣù." Ó gbé fóònù sétí rédíò. Mo gbọ́ Bọ̀ọ̀dá Tádé tó ń pe Mùfú ní olódodo ọ̀dàlẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín ọmọbìnrin kan, ó ṣe díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ni.

Mo ti ní kó dúró dè mí. Lánàá, mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ ta fírísà. Ó ní, "Ṣé ó bàjẹ́ ni?" Mo ní kò bàjẹ́. Ó ń wò mí. Mo máa sọ fún un lálẹ́ òní.

Kúnlé ni mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún. Èṣù ti fi ọ̀nà tó rọrùn hàn mí: kí n gba kásẹ́ẹ̀tì náà, kí n ní mo tún páálí tú, mo rí díẹ̀ tí ikán ò tíì dé. Inú rẹ̀ á dùn. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, á máa sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé èèyàn gidi ni mí. Ọpẹ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Tí mo bá gbà á, mi ò rò pé mo tún lè wo ojú rẹ̀ mọ́ láyé. Tí mo bá sì sọ òótọ́, ó lè jẹ́ ọjọ́ tí màá gbọ́ ohùn òun náà kẹ́yìn nìyẹn.

Ó ń gbé ọmọ bọ̀ wá fi han màmá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ láìpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ti da ọ̀rẹ́ rí tí ẹ sì rí ojú àánú rẹ̀, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n kọ́kọ́ jẹ́ kó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí n tó sọ ibi tó ti ń bọ̀? Àbí kí n sọ ọ́ lórí fóònù nísinsìnyí, kó ti bínú tán kó tó dé? Èwo ló máa dùn ún díẹ̀?

Ẹ lè bú mi, mo yẹ ní bíbú. Ẹ má ṣáà ní kí n dákẹ́. Ìyẹn ni mo ti ń ṣe bọ̀.