Ohun Tó Wà Lábẹ́ Igi Agbálùmọ̀

Ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí Tiwalọlá gbé mì nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá kò gbé inú rẹ̀ mọ́, àfi kó pọ̀ ọ́ síta. Bí yóò bá tẹ́, kó tẹ́. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ sí Ajégúnlẹ̀, á dì í. Ohun kan tí kò lè ṣe mọ́ ni kó máa wo ojú Fọláyọ̀, àbúrò rẹ̀, kó sì máa bá irọ́ náà lọ.

Oṣù kẹrin ọdún 1995 ni. Àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Tiwa ti ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà daṣẹ́ sílẹ̀, làwọn òbí rẹ̀ bá fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ pé kó wá kí àwọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí yóò fojú kan àbúrò rẹ̀. Òkè téńté ilé gíga kan ni wọ́n ń gbé, yàrá kan náà lòun àti Fọláyọ̀ sì jọ ń sùn. Láàárọ̀, bí páìpù omi gbígbóná bá ti ń kùn lára ògiri, tí oorun kò sì tíì dá ojú rẹ̀ tán, Tiwa á rò pé fèrè ọkọ̀ òkun ní Àpápá lòun ń gbọ́. Á máa gbóòórùn ìyẹ̀fun láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ àlìkámà. Á rí iná àwọn táńkì epo ní Kirikírì tó ń mì lójú omi. Á rí sálúbàtà Màmá, ìyá bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, tó ń léfòó kiri yàrá lẹ́yìn òjò. Á wá rọra na ẹsẹ̀ sílẹ̀ kó má baà tẹ omi. Kápẹ́ẹ̀tì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń bá níbẹ̀.

Bó bá lajú tán, fọ́tò kan tí Fọláyọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri ló ń kọ́kọ́ rí: igi agbálùmọ̀ nínú àgbàlá Màmá, Màmá fúnra rẹ̀ dúró sábẹ́ rẹ̀, ó wé gèlè tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Igi mi nìyẹn," ni Fọláyọ̀ wí lọ́jọ́ tí Tiwa dé. Yorùbá rẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣubú. "Ìwọ́ mi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ní sùkúù, wọ́n ní kí n padà síbi tí mo ti wá. Mo ní mo mọ ibẹ̀. Mo ní igi níbẹ̀. Mo ní, ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ní igi?"

Tiwa rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ wo ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín! Ó tún ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ agbálùmọ̀ tí Màmá fi ránṣẹ́, èso tí igi náà kọ́kọ́ so. Fọláyọ̀ jẹ ẹ́ títí ètè rẹ̀ fi ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Ó fọ kóró rẹ̀, ó tò ó sórí fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ ni Tiwa ṣe ń rí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lórí ògiri, tó tún ń rí i lójú fèrèsé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà bọ́. Bàbá wọn, Dáhùnsí, ti lọ síbi iṣẹ́. Òjò wínníwínní ń rọ̀ níta. Tiwa ń nu abọ́, ìyá rẹ̀ sì ń lọ aṣọ.

"Oṣù kẹjọ la ó lọ sílé," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì la ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tí ọ̀nà ò là. Àkọ́kọ́, èéyi sọ sí Fọláyọ̀ lára. Ìkejì, ó ṣubú ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, mi ò bẹ̀rù. Ìwọ́ rẹ̀ wà nílé. Ilé á fà á."

Ọwọ́ Tiwa dúró lára abọ́. Bí kò bá sọ ọ́ báyìí, ta ló mọ ohun tí yóò ṣe ọmọ náà lẹ́ẹ̀kẹta? Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, igi kan ṣoṣo tí ọmọ náà ní láyé ló fẹ́ hú yẹn.

"Mọ́mì, ẹ dá áyọ́ọ̀nù yẹn dúró. Ìwọ́ Fọláyọ̀ ò sí lábẹ́ igi."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Níbo ló wá rìn lọ?"

"Èmi ni mo jù ú nù."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ìyá. Tiwa fi abọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ síbi tó dúró sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ẹ lọ bá Dádì. Ẹ ní ẹ ń lọ ra bàtà fún mi, pé ẹ ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Gbogbo ọkọ̀ òkun tó bá fọn fèrè ní Àpápá ni mò ń sọ fún Màmá pé, 'Bàtà mi ti dé.' Lọ́jọ́ tí Bọ̀dá Yínúsà atukọ̀ wọlé, tó ní ẹ fi nǹkan rán òun, mo sáré jáde, mo ti nu ẹsẹ̀ mi nù. Ike dúdú tí wọ́n ń kó fíìmù kámẹ́rà sí ló yọ. Màmá ṣí i, ó rí ìwọ́ gbígbẹ nínú òwú, ó bú sẹ́kún ayọ̀. Ó ní, 'Tiwa, àbúrò rẹ ti ṣáájú ara rẹ̀ délé. Ẹ̀gbẹ́ tìrẹ la ó rì í sí.' Ó ní kí n di ike náà mú, kóun lọ pe Mama Uchenna, aládùúgbò wa, kó wá bá wa ṣàmín."

Ó gbójú sókè. Fọláyọ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ aṣọ ìsùn.

"Lọ sùn, Fọláyọ̀," ni ìyá wọn wí.

"Rárá. Ọ̀rọ̀ mi ni."

Omi bọ́ lójú Tiwa, ṣùgbọ́n kò dúró. "Inú bí mi. Mo ní, ẹni tí wọn ò tíì rí ni wọ́n ń sunkún ayọ̀ lé lórí báyìí, èmi tí mo wà nílé, ẹ ò fi bàtà ránṣẹ́ sí mi. Mo gbé e lọ sétí kánààlì lẹ́yìn ilé. Jíjù tí mo jù ú nìkan kọ́ o. Ká ní jíjù nìkan ni, ǹ bá ti jẹ́wọ́ tipẹ́. Mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sí i. Mo ní, 'Má wá sílé. Ibi tó o wà ni kó o jókòó sí. Ilé yìí ò gbà ẹ́.' Ìgbà náà ni mo wá yọ ìwọ́ náà kúrò nínú òwú, mo jù ú. Kò rì. Ó rọra ń léfòó lọ, ojú mi ń tẹ̀ lé e, títí ó fi gba abẹ́ afárá kọjá.

"Mo ní kóró agbálùmọ̀ lápò, èyí tí a fi ń ṣeré. Mo fi òwú náà wé ọ̀kan, mo dá a padà sínú ike. Ojú Màmá ò ríran dáadáa mọ́. Ó tú òwú náà sínú ihò, ó ní, 'Ilẹ̀, ọmọ rẹ rèé, má jẹ̀ẹ́ kó sọnù.' Àmín tèmi ló ròkè jù.

"Nígbà tí òjò rọ̀, ewé yọ níbẹ̀. Gbogbo ilé pariwo. Mama Uchenna ń pàtẹ́wọ́, ó ní, 'For our place, na tree dem dey plant on top pikin navel. Dis one don plant him own by himself!' Láti ọjọ́ náà, Màmá ò jẹ́ kí ewúrẹ́ súnmọ́ ọn. Á máa bomi rin ín, á máa pe Fọláyọ̀, Fọláyọ̀. Èmi ni mò ń pọn omi ọ̀hún."

Páìpù ń kùn lára ògiri.

"Bàtà," ni ìyá rẹ̀ wí níkẹyìn. "Mo mà sọ bẹ́ẹ̀." Ó jókòó sórí aṣọ tó ti lọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Tiwa fi orúnkún wọ́ dé iwájú Fọláyọ̀. Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé, ṣùgbọ́n àgbà tó jẹ gbèsè ọ̀rọ̀ ò ní ibòmíràn tí yóò gbà. "Ẹnu yìí ló lé ẹ, Fọláyọ̀. Ẹnu yìí náà ló ń pè ẹ́. Máa bọ̀ nílé. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Fọláyọ̀ wọ yàrá lọ, ó ṣí fọ́tò náà kúrò lára ògiri, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò tún bá Tiwa sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ tí Tiwa ń padà sílé.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, ọmọ náà na ọwọ́ sí i. Ike dúdú kékeré ló wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kó fíìmù sí.

"Eyín mi ni. Ó yọ lánàá. Ẹ lọ rì í sábẹ́ igi, pẹ̀lú ike rẹ̀. Mò ń bọ̀ wá wò ó ní Ọ́gọ́ọ̀sì." Ó tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ má sọ̀rọ̀ burúkú sí i o."

Nílé wa, orí òrùlé la ń ju eyín ọmọdé sí, ṣùgbọ́n Tiwa ò jẹ́ ju nǹkan Fọláyọ̀ mọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbẹ́ ilẹ̀ náà lọ́jọ́ tó dé Ajégúnlẹ̀. Màmá bá a níbẹ̀, ó bèèrè ohun tó ń wá nídìí igi Fọláyọ̀, Tiwa sì tún jẹ́wọ́ látòkèdélẹ̀. Ti Màmá ló le jù. Ìyá àgbà náà ò bá a wí, ṣe ló kàn ń wo igi náà bí ẹni tó pàdánù èèyàn. Ẹ̀yin ọmọdé tó ń ka èyí, bí inú bá ń bí yín, ẹ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni Tiwa fi ń ṣa èèpo tirẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ, ara Fọláyọ̀ ò gbóná, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì kán. Báàgì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fi gba ẹ̀gbẹ́ gbogbo èèyàn kọjá lọ sídìí igi. Ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wú ilẹ̀ títí ó fi kan ike náà. Ó gbé e sétí, ó mì ín. Eyín náà dún nínú rẹ̀. Ó dá a padà, ó bò ó, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn, ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí Tiwa," ló wí, "ebi ń pa mí."