Ọjọ́ tí Wọ́n Mú Mi Pé Mo Jí Ajá Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí àárẹ̀ kì í mú. Ní tèmi, ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n di bẹ́ǹṣì yìí mú sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ń ro mí.

Ẹ mọ̀ mí. Gáàdì rélùwéè ni mo jẹ́ l'Óṣogbo kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé n'Íléṣà. Ìjókòó pọ̀, ikùn yọ. Lọ́dún tí ìjọba ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ru, àfi kí n máa sáré láràárọ̀ bí mo bá fẹ́ pẹ́ láyé. Bí àgbàlagbà bá dá sáré ládùúgbò wa, wọ́n á ní orí rẹ̀ ti dàrú. Mo bá ra ajá kan, kó lè dà bíi pé ajá ló ń fà mí.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Èmi àti Bàbá Fẹ́mi, aládùúgbò mi, tí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, a ò bára wa sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì, nítorí omi balùwẹ̀ wọn tó ń ṣàn wọ àgbàlá mi. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń fi orúkọ ajá bá ọ̀tá wí nílẹ̀ yìí. Mo sọ ajá mi ní Ìkàòdáa. Láràárọ̀, tí a bá ti dé abẹ́ fèrèsé Bàbá Fẹ́mi, ohùn mi á ròkè: "Ìkàòdáa, máa bọ̀! Ìkàòdáa, ṣé o gbọ́?" Ajá ò kúkú jìnnà, okùn rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi ní kí n jáwọ́. Mo ní ajá mi ni mò ń pè. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é, tí mo sì ń jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa.

Nígbà tó yá, ọdún Ògún ku díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ajá a máa sọnù nígbà náà. Èmi ò ronú kan ìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí a ṣe ń sáré bọ̀ wálé, àwọn awakọ̀ kan tí wọ́n ń wá ajá ọdún wọn tó sọnù, tó jọ tèmi, rí mi, àgbàlagbà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń sáré, okùn ajá lọ́wọ́. Kí ni wọn ì bá rò? Wọ́n ní olè ni mí. Ọ̀kan gba okùn, èkejì fi ọ̀pá gbá mi lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé èmi ni mo ni ín, èémí ò jẹ́.

Iwájú ilé wa gan-an ni. Ìyàwó mi ti lọ sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà lọ bá ọmọ wa wẹ ọmọ tuntun, kò sẹ́nì kankan nílé mi. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè jẹ́rìí mi ni Bàbá Fẹ́mi. Mo rí i tí kọ́tìnnì wọn mì, inú mi sì bà jẹ́, torí mo mọ ohun tí mo ti gbìn. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku. Mo ní, "Olúwa, ṣàánú mi, èmi tí n kò ṣàánú aládùúgbò mi."

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Fẹ́mi jáde pẹ̀lú aṣọ ìbora lọ́rùn. Wọ́n ní, "Ẹ fi bàbá yẹn sílẹ̀. Òun ló ni ajá. Ìkàòdáa lorúkọ rẹ̀. Oṣù mẹ́fà nìyí tó ti ń fi í bú mi láràárọ̀, ta ló fẹ́ mọ̀ ọ́n jù mí lọ?" Bàbá Fẹ́mi pe ajá lórúkọ, ó ju ìrù. Ẹ̀rín pa ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà. Ẹni tó fi ọ̀pá gbá mi wá dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ mí, wọ́n dá okùn ajá padà fún mi, wọ́n sì lọ.

Mo bi Bàbá Fẹ́mi pé kí ló dé tí wọ́n fi gbà mí. Wọ́n ní, "Ìjà náà ti sú mi. Mi ò rí oorun sùn dáadáa mọ́." Mo ní, "Ó ti sú èmi náà, ó pẹ́." A jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, àgbà méjì, a ò lè dìde kíákíá.

Ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀, ògo ni fún Ọlọ́run. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ará. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìjà bá ti sú nínú yín, ó ti sú ẹnì kejì náà. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó wí. Kí ẹ tó jẹun ọ̀sán lónìí, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.