Apá Òsì Tí Mo Nà Dípò Àmínátù

Ẹ̀yin ará mi, ẹrù kan wà lọ́kàn mi tí mi ò rí ibi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Nínú ilé ọkọ mi tó jẹ́ alfa ni mo wà ní Ìlọrin yìí, ẹlẹ́hàá ni mí, ọkùnrin òde kì í rí ojú mi. Ẹlòmíràn ló ń bá mi kọ èyí. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé àwọn abupá tún ń bọ̀ lẹ́yìn Jímọ̀, ọkọ mi sì ti búra pé wọn ò ní fọwọ́ kan Hàwáwù, ọmọ rẹ̀. Irọ́ mi ló bí ìbúra yẹn.

Nígbà tí òfin bupá kọ́kọ́ dé, akéde Ọba ké e kiri àdúgbò. Ó ní kí tọmọdé tàgbà jáde kí wọ́n bu wọ́n lápá, kí àrùn ilẹ̀gbóná má baà pa wá tán. Ó ní wọn yóò lọ bá arọ àti arúgbó nílé. Ní ti àwa ẹlẹ́hàá, òfin ní abupá kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni ká ti na apá sí i. Ó dùn mọ́ mi nínú gan-an. Mi ò rí òfin tó rántí obìnrin inú ilé rí.

Àmínátù ni ìyàwó kékeré nígbà náà, Hàwáwù ọmọ rẹ̀ ṣì ń mu ọmú. Ẹ̀rù abẹ ń bà á. A ti gbọ́ pé bí wọ́n bá bu ènìyàn tán, apá á wú, ibà á sì dá a dùbúlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Òun ló kàn láti dáná, èmi sì ní aṣọ ìyàwó kan lórí òfì tí mo fẹ́ parí kí Iléyá tó dé. Bí ó bá dùbúlẹ̀, èmi ni n ó dáná fún gbogbo ilé. Mo wá rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ìwọ ṣáà jókòó. Apá méjì ni Ọlọ́hun fún mi."

"Ìyáálé, ṣé wọn ò ní mọ̀?"

"Ta ni yóò fojú kàn wá?"

Mo na apá ọ̀tún, abupá bù ú. Ó ní ó ku ẹnì kan. Mo yí padà, mo na apá òsì. Àmínátù fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa á, oòrùn ń gba inú aṣọ ìkélé wọlé sí i lójú. Alfa gbọ́ níta pé wọ́n ti bu ìyàwó òun méjèèjì, ó ṣàdúrà.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, ilẹ̀gbóná mú Àmínátù lọ. Kò fọwọ́ kàn mí. Alfa sunkún, ó ní, "Wọ́n bù ú, ó sì kú! Kí ni oògùn wọn wúlò fún?" Kàkà kí n jẹ́wọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Láti ìgbà náà, ikú Àmínátù ni gbogbo àdúgbò fi ń kọ bupá. Àwọn ọmọ mìíràn ti kú láàárín àwọn tó kọ̀ ọ́, ẹ̀rù ń bà mí láti ronú kàn wọ́n.

Bí oorun ọ̀sán bá gbé mi nídìí òfì, mo máa ń rí aṣọ ìkélé yẹn. Ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ láìsí atẹ́gùn. Àmínátù á na apá sí mi láti ẹ̀yìn rẹ̀, apá náà á máa dán, kò ní ojú abẹ kankan. Kì í bínú. Ó kàn ń dúró kí n dì í mú ni. Bí mo bá jí, òwú ni mo máa ń bá lọ́wọ́ mi.

Hàwáwù ti ń ka kéwú báyìí. Èmi ni mo tọ́ ọ, Ìyá ló ń pè mí. Bí ó bá jókòó tì mí, a máa fi ìka pa ojú abẹ tó wà ní apá òsì mi, a ní, "Ìyá, kí ló dé tí tiyín fi jẹ́ méjì?" N ó ní kó lọ ka kéwú rẹ̀.

Lánàá, Alfa ní kí n di ẹrù Hàwáwù, kí ọmọ náà lọ fara pamọ́ sí abúlé títí àwọn abupá yóò fi kọjá. Ilẹ̀gbóná sì tún ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ìlú tí kò jìnnà. Bí mo bá jẹ́wọ́, Alfa lè kọ̀ mí, ọmọ náà kò sì ní pè mí ní Ìyá mọ́. Bí mo bá dákẹ́, mo lè sin ín bí mo ṣe sin ìyá rẹ̀.

Mi ò tíì di ẹrù náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́hun. Ẹ sọ fún mi, báwo ni kí n ṣe sọ fún ọmọ yìí pé ojú abẹ tó fi ń ṣeré lápá mi, ti ìyá rẹ̀ ni?