Lọ́yà Tí Kò Yege

Ẹjọ́ mi ti parí. Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi títí ẹ̀mí á fi bọ́ lára mi. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti dún lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀wọ̀n yìí, àyà mi á já, n á rò pé èmi ló kàn. Kó tó kàn mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rò fún yín.

Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú n'Íbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Ọṣẹ dúdú ni ìyá mi ń tà l'Ọ́jà'ba, èmi nìkan ṣoṣo ló bí. Mo kàwé dé yunifásítì, mo kọ́ òfin, mo sì lọ sí Èkó fún ìdánwò ìkẹyìn tí èèyàn gbọ́dọ̀ yege kó tó di lọ́yà. Mo fìdí rẹmi.

Ọjọ́ tí mo délé, ará agboolé ti kún ojúde. Ìyá mi ti pe ààfáà pé kó wá ṣàdúà fún lọ́yà òun.

"Ṣé o yege?" ló bi mí lójú gbogbo wọn.

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Mo yege, Ìyá mi."

Mo rò pé irọ́ ọdún kan péré ni, pé n ó yọ́ padà lọ ṣe ìdánwò náà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé ẹjọ́ ilẹ̀ wá. Mo ra irun funfun àti aṣọ dúdú táwọn lọ́yà ń wọ̀, mo gba ẹjọ́ rẹ̀ rò, ó sì jàre. Bí èèyàn ṣe ń wá nìyẹn. Mo gba ọ́fíìsì ní Bẹẹrẹ. Ọdún mẹ́fà kọjá, n ò padà sí Èkó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Làmídì wọlé tọ̀ mí wá. Yàrá kan náà la jọ gbé l'Ékòó. Òun yege lọ́dún yẹn, iṣẹ́ ìjọba sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sí Ìbàdàn. Ó ti rí mi ní kóòtù láàárọ̀.

"Ọ̀rẹ́, ọdún wo lo padà lọ ṣe ìdánwò yẹn?"

"Làmídì, jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀."

"Kò ṣeé fi sílẹ̀. Ọkùnrin tí o gbẹjọ́ rò fún láàárọ̀ yìí ti rẹ́wọ̀n he, nítorí o ò mọ ohun tó yẹ kí o sọ."

"Ìyá mi á kú tó bá gbọ́."

"Lọ sọ fún un lónìí. Tí o ò bá sọ, èmi á sọ fún adájọ́ lọ́la."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá nǹkan nínú báàgì rẹ̀. Mo rò pé ìwé ẹ̀sùn tó kọ nípa mi ló fẹ́ yọ. Irin wúwo kan wà lórí tábìlì mi tí mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Mo gbé e, mo là á mọ́ ọn lórí. Ó pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan, ó ṣubú.

Nígbà tí mo tú ìka ọwọ́ rẹ̀, fọ́ọ̀mù ìdánwò àwọn lọ́yà ló dì mú. Ó ti bá mi kọ orúkọ mi sí i.

Mo jókòó tì í, mò ń pè é, títí àwọn ọlọ́pàá fi dé.

Ní kóòtù, wọ́n bi mí pé kí ni iṣẹ́ mi. Mo ní n ò níṣẹ́. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ọmọ òun kì í ṣe lọ́yà. Bí wọ́n ṣe ń mú mi lọ, ó di aṣọ mi mú.

"Ọmọ mi, ká ní o sọ fún mi pé o fìdí rẹmi, kí ni mo fẹ́ fi ọ́ ṣe? Ǹ bá sunkún, ǹ bá sì bu oúnjẹ fún ọ. Ṣebí ó parí náà nìyẹn."

Làmídì fi ìyàwó sílẹ̀, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀. N ò mọ ẹni tí yóò bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Bí ẹ bá fìdí rẹmi, ẹ wọlé, ẹ sọ ọ́. Kí wọ́n bú yín, kí ojú tì yín. Àwọn àgbà ní ikú yá j'ẹ̀sín. Èmi tí mo jókòó ti ikú yìí, mo ní kí ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ gba ẹ̀sín, ẹ sì wà láàyè.