Ọ̀dà Ara Sàlẹ́ńsà

Mo ń dúró de mọ́tò ní Sẹ́kọ́nà, ni ìyá kan tó ń lọ gbágùúdá àti ọkùnrin tó bá a kun sàlẹ́ńsà, ọ̀pá tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ̀rọ ìlọgbágùúdá rẹ̀, bá jọ di irin tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ náà mú.

"Gbé e wá! Gbágùúdá oníbàárà ti ń kan."

"N ò gbé e wá, màámi. Ọ̀dà tó ń fara da ooru iná ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ díẹ̀ lásán, ká pa á kó tutù, kí ọ̀dà lè mú kẹ́ ẹ tó lọ nǹkan."

"Ta ló ni ẹ̀rọ?"

"Ẹ̀yin ni. Níjọ́sí ẹ ò dúró, ọ̀dà bó, ẹ ba orúkọ mi jẹ́ pé ògì ni mo fi kùn ún!"

Ògì! Ẹ̀rín pa mí.

Ìyá náà fa àpótí, ó jókòó. "Tan díẹ̀ náà. Bó bá tún bó, wọn á gbọ́ ohùn mi dé ìlú Ara!"